Ta Ló Gé Ìwọ́ Ọmọ Màríà?

Ọdún Kérésì tó kọjá yìí, wọ́n tún ṣe é. Mo jókòó síwájú níbi tí wọ́n máa ń fi àwa àgbà ìjọ sí, mo ń wo àwọn ọ̀dọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ìbí Jésù. Ọmọdébìnrin tó ṣe Màríà wọ aṣọ funfun tó ń dán, ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì fa bèbí oníke kan jáde. Bèbí náà mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi pọ́dà kùn ún. Kò ké, kò tọ̀, kò ní ìwọ́ nídodo, ìyá rẹ̀ kò sì làágùn rárá. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Fúnmiláyọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí eré náà, jáde wá, ó tẹríba, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fóun náà. Èmi ń mí kanlẹ̀ níbi tí mo wà. Ìyàwó ọmọ mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kì í ṣe lónìí."

Ó mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu mi. Gbogbo Kémta, àdúgbò wa, ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti sú wọn. Èmi náà, ó sú mi pé mo ṣì ń béèrè.

Agbẹ̀bí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kò fẹ̀yìn tì lára mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, kí n gba àwọn nímọ̀ràn. Kí n tó lanu, wọ́n á ti bi mí nípa owó oṣù àti ìlú òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká yára parí ìyẹn: wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún mi, kò tó, mo jẹun, mo tọ́mọ. Ó tán. Èyí tó kù ni kẹ́ ẹ fetí sí, nítorí òun ni iṣẹ́ náà.

Ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tó jẹ́ ti ìjọ, ní Ìbarà, ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Bàbá mi, tó ń dáko lọ́nà Alábàtà, ló mú mi lọ síbẹ̀. Obìnrin tó ni àṣẹ ilé náà, Màmá Ìbarà là ń pè é. Ó kúrú, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín kí ojú rẹ̀ má dá sí i. Kò kí mi dáadáa lọ́jọ́ náà tó fi fa ọwọ́ mi, tó wo èékánná mi tí mo kùn ní pupa fòò.

"Ta ló kun èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọwọ́ ijó ni àbí ọwọ́ iṣẹ́?"

Kí n tó ronú ìdáhùn, ó ti mú àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo rẹ̀ títí dé ibi tí ẹran bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n lọ fọwọ́. Mo fọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún un fọ̀, dé ìgúnpá. Mo tún un fọ̀. Ó gbé ọwọ́ mi símú, ó ń gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja, ó sì ní kí n padà sídìí omi. Bàbá mi dúró, ó ń wò mí, àánú mi ń ṣe é. Màmá Ìbarà sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ máa lọ sóko yín. Ọwọ́ yìí ló máa kọ́kọ́ kan ọmọ tuntun láyé. Ẹ fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ìdọ̀tí ni?"

Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aboyún. Iṣẹ́ mi ni láti se àlùmọ́gàjí lórí sítóòfù kẹrosíìnì, kí n fọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí n sá a, kí n fi pọ́dà sí i, nítorí a kì í sọ ọ́ nù nígbà náà. Iṣẹ́ mi kejì ni ibi ọmọ. Bí obìnrin bá ti bímọ tí ibi sì ti wá, èmi ni mo máa gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mà á fọ̀ ọ́, mà á tẹ́ ẹ, mà á wò ó bóyá ó pé. Bí èyí tó kéré jù lára rẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú ìyá, ẹ̀jẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e, ikú sì lè tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mo bì. Màmá Ìbarà dúró lẹ́yìn mi títí tí mo fi bì tán.

"Ohun tó bọ́ ìwọ náà fún oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn," ó wí. "Máa bọ̀wọ̀ fún un. Ó yá, padà sídìí ẹ̀."

Bó bá ti pé, a ó gbé e sínú ìkòkò, a ó gbé ìkòkò fún bàbá ọmọ. Màmá Ìbarà kì í gbé e fún ẹlòmíì bí bàbá bá wà nílé. Bàbá ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, òun ni yóò sin ín. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ ń kà mí, ẹ ṣì mọ èyí: ibi tí wọ́n bá sin ibi ẹni sí ni ilé ẹni. Èèyàn lè dé Èkó, kó dé ìlú òyìnbó, ilẹ̀ yẹn mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ pé òun ò mọ ilẹ̀ yẹn.

Òfin kan wà tí Màmá Ìbarà kì í fi ṣeré rárá. Òun ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa obìnrin tó ń rọbí lẹ́nu mọ́. Ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan ń ké, ọ̀rẹ́ wa yìí sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú tí àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń sọ, pé, "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbádùn ara yín, ṣé ẹ pè wá?" Màmá Ìbarà gbọ́. Ó gbẹ̀bí tán, ó fọwọ́, ó nu ọwọ́, ó wá ní kí ọmọbìnrin náà lọ di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí.

"Obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹ̀yẹ́," ó sọ fún àwa tó kù. "Ohùn ẹ̀ ló ń sọ ibi tó dé fún wa. Bó bá dákẹ́, kí lẹ fẹ́ fi mọ̀nà?"

Òótọ́ ni. Ó lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó gbọ́ ohùn obìnrin, kó sì sọ bó ṣe kù kí ọmọ dé. Ó gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ yege, ìjọ ṣí ilé ìgbẹ̀bí kékeré mìíràn ní Kémta, Màmá Ìbarà ní kí n lọ máa mójú tó o. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Alhájà Sàídátù, oníṣòwò àdìrẹ, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí àtijọ́ kan ládùúgbò wa. Gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ pátá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bímọ sí. Aró kì í tán léèékánná Alhájà, ìbéèrè kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ràfátù ọmọ rẹ̀ bímọ, bàbá àgbà ti pe ìrun sí ọmọ létí tán, mo ń palẹ̀ mọ́, ó wá jókòó tì mí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ọlọ́run yín yẹn, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé obìnrin ló bí i?"

"A sọ bẹ́ẹ̀, Alhájà. Ọmọ Ọlọ́run, tó jẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀."

"Bí Ràfátù ṣe bí eléyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú gbogbo ohun tójú mi rí nínú yàrá yìí? Ó mu ọmú? Ó tọ̀ sára?"

"Ọmọ tí kò bá tọ̀, Alhájà, ọsibítù ni mò ń gbé e lọ."

Ó gbọ́wọ́ lérí. "Àsítágáfírúlàhì! Ọlọ́run tóbi ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ yín yìí wúwo, Nọ́ọ̀sì. Mi ò lè gbà á."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa bà lẹ́rù. Alhájà kọ̀ ọ́ nítorí pé ó gbọ́ ọ. Àwọn tiwa gbà á nítorí pé wọn ò gbọ́ ọ. Ẹ wí fún wọn pé Ọlọ́run gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀, wọ́n á ní "Àmín", wọ́n á sì rò pé ẹ̀wù lásán ni, tó wọ̀ fún àlejò, tó sì bọ́ kọ́ sára ògiri nígbà tó délé.

Àpẹẹrẹ irú wọn ni Ajíhìnrere Délé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọ rán sí wa ni, ohùn rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ mọ́, ó máa ń bá àwọn opó pọnmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló fi ń bí mi nínú. Ó dúró níwájú wa ní kíláàsì Ọjọ́rú, ó ní Màríà dà bíi páìpù omi. Omi gba inú páìpù kọjá, páìpù kò mú nǹkan kan lára omi, omi kò sì mú nǹkan kan lára páìpù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ṣe gba ara rẹ̀ kọjá. Ó ní ó jọ pé ebi ń pa Jésù ni, ebi kò pa á. Ó jọ pé ó sunkún ni. Ó ní Màríà kò rọbí, kò ké, nítorí ẹni mímọ́ ni, obìnrin tó bá sì ní ìgbàgbọ́ tòótọ́ kò ní ké lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ, àwọn tí mo fi etí ara mi gbọ́ igbe wọn, ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dìde. "Ajíhìnrere," mo ní, "ta ló gé ìwọ́ rẹ̀?"

Ilé dàrú. Ẹnìkan ní "Jésù!", ẹnìkan fa ìró mi pé kí n jókòó.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," Ajíhìnrere ní, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀mí."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mò ń sọ. Bó bá ní ìwọ́, a jẹ́ pé ó jẹun lára ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ obìnrin ló fi di ara, ohun tó ń dun àwa ń dun òun. Bí kò bá ní, a jẹ́ pé ó kàn yà kí wa ni, kò bá wa gbé. Èwo nínú méjèèjì?"

Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ní ká kọrin. Àwọn àgbà ìjọ ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ yàrá ìgbẹ̀bí sílẹ̀ sí yàrá ìgbẹ̀bí. Àwọn tí wọ́n bí bí wọ́n ṣe bí àwa yòókù! Mo wò wọ́n lójú, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ní kíláàsì náà tí a kò bi léèrè ohunkóhun. Rónkẹ́, ìyàwó Ajíhìnrere, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́ nínú. Ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Ìyẹn ló fà á tí ọ̀sán ọjọ́ kan fi di ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé láyé mi. Rónkẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ọkọ rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀ lé e, Rónkẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Ṣé inú ti ń rún ọ?" mo bi í.

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó le gbagidi, kò sì rọ̀. Mo gbé fèrè onígi tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e, mo sì dẹ etí: ọkàn náà ń fà tìkọ̀-tìkọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà dábùú, kò sì lè gba ibẹ̀ jáde láéláé. Obìnrin yìí ti ń rọbí láti àná, ní ilé, láìfọhùn. Ìgbà tí mo fẹ́ tún ìró rẹ̀ ṣe ni mo rí etí aṣọ náà. Àdìrẹ tó nípọn ni, ó ti fi eyín já a jẹ.

"Rónkẹ́, kí ló dé tó ò ké? Kí ló dé tó ò pè wá?"

Ó wò mí bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ohun tí kò ṣe. "Wọ́n ní Màríà ò ké," ó wí.

Mo jáde sí ọkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ dábùú, iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, bí a bá dúró pẹ́ méjèèjì máa lọ. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, bí ọkọ kò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa fọ̀bẹ kan ìyàwó rẹ̀, òun náà mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà," ó ní. "Ara lásán lẹ̀ ń wò, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò ké?"

Àwọn ìyá ìjọ ti pé sí àgbàlá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "A ó gbọ́ ohùn ìyá! A ó gbọ́ ohùn ọmọ!" Àmín wọn ń mi òrùlé. Sùúrù mi tán pátápátá.

"Ohùn ìyá wo lẹ fẹ́ gbọ́?" mo kígbe mọ́ wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ìyẹn lẹ ń gbàdúrà fún?"

Ẹnìkan ní kí n má bá Ọlọ́run jà. Ajíhìnrere di ojú, ó tún ń gbàdúrà lọ. Alhájà Sàídátù wà níbẹ̀, ó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó pe dírẹ́bà rẹ̀ pé kó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò Pijó rẹ̀, kó kó ìdì aṣọ sílẹ̀. Ó wá lọ dúró níwájú Ajíhìnrere títí tó fi lajú.

"Ajíhìnrere," ó ní, "èmi ò gbà pé obìnrin bí Ọlọ́run yín. Nọ́ọ̀sì yìí mọ̀, mo ti sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á, ẹ jẹ́ ká gbé ìyàwó yín."

Mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nínú ọkùnrin náà. Ó wọ yàrá, ó gbé ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ Alhájà nínú mọ́tò, a sì lọ. Nínú ìrìn yẹn pàápàá, Rónkẹ́ kò ké. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. Kò ké.

Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn. Rónkẹ́ yè é. Ọmọ náà, ọkùnrin, ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde.

Gbogbo èèyàn tó wá kí i ló sọ ohun kan náà: omi ló dànù, agbè ò fọ́, kó má sunkún. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ṣebí ìgbọràn ló mọ̀. Wàrà kún ọmú rẹ̀ fún ọmọ tí kò sí, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri, kò fọhùn. Ìbínú fẹ́ pa mí. Mo ránṣẹ́ sí Màmá Ìbarà. Ó ti darúgbó nígbà náà, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ di àyà Rónkẹ́ kí wàrà lè fà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "Olúwa tí ò ń sìn dé ibojì ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó mọ̀ pé òun máa jí i. Ó ṣì sunkún. O fẹ́ le ju Olúwa ẹ lọ ni?"

Rónkẹ́ wò ó. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Lẹ́yìn náà ó jáde. Mo ti gbọ́ igbe obìnrin láti kékeré dé àgbà, mi ò tíì gbọ́ irú èyí rí. Màmá Ìbarà gbá orí rẹ̀ mọ́ra, òun náà ń sunkún, obìnrin tí a ti rò pé omi ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ajíhìnrere wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jáde, mo bá a níbi tó jókòó sí lórí sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí i sórí, mi ò sì sọ ọ́.

Ó bá wa ṣe ìjọ lọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìbọ̀wọ́ tí a máa ń fọ̀ di èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọ nù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Sítóòfù lọ. Ẹ̀rọ dé tí gbogbo yàrá fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, gbì-gbì-gbì, mo yọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké wá kọjú sí ẹ̀rọ, wọ́n kọ̀yìn sí obìnrin. Mo bá ọ̀kan níbi tó ti ń ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ, tí aboyún ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, tí kò wẹ̀yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì tún gbọ́ èèyàn. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó mi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ti kú, Rónkẹ́ tún lóyún. Ẹni tí wọ́n ti fọ̀bẹ kàn níkùn kì í bímọ sílé kékeré bíi tiwa, nítorí náà ọsibítù ni mo mú un lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kó gbìyànjú fúnra rẹ̀, pé àwọn wà nítòsí bí kò bá rọrùn, wọ́n sì gbà kí n dúró tì í. Òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Rónkẹ́ ké! Ó pe ìyá rẹ̀, ó pe Jésù, ó pe Màmá Ìbarà tó ti lọ sọ́run, ó bú ọkọ rẹ̀ tìyá tìyá. Igbe rẹ̀ ń ti wọ́ọ̀dù dé géètì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ sọ fún Ajíhìnrere ní kọ́rídọ̀ pé kó wọlé lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó mú ara le.

"Ẹ jẹ́ ó ké," Ajíhìnrere ní. "Ohùn ìyá la kọ́kọ́ ń gbọ́."

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ti ọmọ. Obìnrin ni, ó pupa, ara rẹ̀ ń yọ̀ fún omi, ó bínú sí gbogbo wa. Èmi ni mo gé ìwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ibi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ, mo wò ó, ó pé. Mo gbé e sínú ìkòkò, mo gbé ìkòkò fún bàbá ọmọ.

Ó gbé e dé ilé rẹ̀ ní Kémta. Mo tẹ̀ lé e, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ajíhìnrere nídìí ọkọ́. Alhájà náà wá, ó gbé àdìrẹ tuntun dání fún ìyá ọmọ, ó ń kí, "Ẹ kú ewu, ẹ kú ewu." Ajíhìnrere bọ́ ẹ̀wù, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó kan òkúta. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí ilẹ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Ó sún síwájú, ó tún kan òkúta. Òógùn bò ó. Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ti máa ń mú ilẹ̀ rọ̀, ló ti rí ibi tó jìn. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó fi ọwọ́ da erùpẹ̀ bò ó, kò lo ọkọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ le. Ó lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ lọ́wọ́, kò dìde.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ó ní.

"Ajíhìnrere."

"Ti Jésù ńkọ́? Ta ló sin tiẹ̀?"

Ìwọ́ ni mo ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò ronú kan èyí rí.

"Jósẹ́fù ni," mo ní. "Ta ló tún kù níbẹ̀?"

"Níbo?"

"Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ilẹ̀ ayé yìí ṣá ni, kò sí òmíràn."

Ó gbọ́wọ́ lé erùpẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "A jẹ́ pé ọmọ ilé wa ni," ó wí. "Kò lè sọ pé òun ò mọ̀ wá."

Alhájà mi orí. "Ó ṣì wúwo," ó ní. Ó sì lọ fi àdìrẹ fún Rónkẹ́.

Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n sọ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an, olùdarí eré Kérésì wa. Mo pè é lẹ́yìn ìsìn pé kí ló dé tí Màríà rẹ̀ kò ké, ó ní, "Màmá, ó máa dẹ́rù ba àwọn ọmọdé." Ẹ gbọ́ ẹnu tó fi sọ ọ́! Mo ti ní kó wá mú mi lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ibì kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀ tí mo fẹ́ kó bọ́ bàtà kó tó dúró sí.